Kí Ni Ká Kọ Síbẹ̀?

Ìbéèrè kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń wọ yàrá kékeré kan tó kọjú sí títì ní Ìlódè, ní Ilé-Ifẹ̀, fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Wọn á kí akọ̀wé tó jókòó sẹ́yìn tábìlì, wọn á yọ fọ́ọ̀mù owó orí látinú báàgì tàbí láti abẹ́ ìró, wọn á tẹ́ ẹ sórí tábìlì, wọn á ní: "Akọ̀wé, kí ni ká kọ síbẹ̀?" Wọn kì í sọ pé kó bá àwọn ka iye tó wọlé. Wọn kì í sọ pé kó bá àwọn yọ iye tó jáde. Kí ni ká kọ síbẹ̀ ni, bí ẹni pé àlọ́ ni ìjọba pa sórí ìwé yẹn, tí wọ́n sì wá ẹni tó mọ̀wé tí yóò bá wọn já a.

Akọ̀wé tí à ń wí náà ló kọ àròkọ yìí. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń bá àwọn ènìyàn kọ irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀: oníṣòwò, àgbẹ̀ tó ní oko kòkó, kọngílá, olùkọ́, nọ́ọ̀sì tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì tó ń gba owó ilé. Ohun tó fẹ́ sọ ni pé ìbéèrè yẹn kò tọ̀nà, àti pé ẹ̀bi rẹ̀ kò sí lọ́rùn àwọn tó ń béèrè rẹ̀. Àwọn tó ń ran ènìyàn lọ́wọ́ nídìí owó orí ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, akọ̀wé yìí náà sì wà lára wọn rí.

Akọ̀wé lẹ́tà ni ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, irú àwọn tó ń gbé táípùràítà síwájú ṣọ́ọ̀bù nítòsí Ẹnuwá nígbà tí fóònù kò tíì dé ọwọ́ tẹrú tọmọ. Ó ń kọ lẹ́tà sí ọmọ tó wà l'Ékòó, ó ń kọ ìwé ẹ̀sùn lórí ilẹ̀, bí oṣù kẹta bá sì ti ń lọ sópin, fọ́ọ̀mù owó orí ló ń kọ. Kì í da ìbéèrè bo oníbàárà. Á wo bàtà rẹ̀, á wo aago ọwọ́ rẹ̀, á béèrè bóyá ó ní mọ́tò, á wá kọ iye kan tí kò ní bí agbowó-orí nínú, tí kò sì ní dun ẹni tó fẹ́ san án. Tẹ̀ríntẹ̀rín ni wọ́n fi ń túká. Ọmọ iṣẹ́ tó ń wò ó nígbà náà rò pé ọgbọ́n nìyẹn. Ó pẹ́ kó tó yé e pé oníbàárà ń jáde níbẹ̀ láìmọ ohun tó wà lórí ìwé tó fọwọ́ sí, àti pé bí wọ́n bá pè é sí ọ́fíìsì lọ́la pé kó wá ṣàlàyé, kò ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ ká wo orúkọ tí a fún nǹkan ọ̀hún. Owó orí ni Yorùbá pè é. A kò pè é ní owó iṣẹ́, a kò sì pè é ní owó èrè. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé e dé ilẹ̀ Yorùbá láàárín ọdún 1916 sí 1918, orí ni wọ́n kà lóòótọ́. Ọkùnrin tó bá ti tójú bọ́, tó lórí lọ́rùn, ti jẹ gbèsè. Baálé ni wọ́n ń sọ fún pé iye orí báyìí wà nínú agboolé rẹ̀, kó lọ kó o jọ. Wàhálà kò jìnnà. Owó orí wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn àti Òkèhò ní 1916, ó wà nídìí Ogun Àdùbí tó jà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918. Láti 1947 ni àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣíwájú wọn, ti kọ owó orí àwọn obìnrin, ọ̀rọ̀ náà sì le débi pé Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949. Ní 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà dìde. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣọ̀ún, ọba tó wà lórí oyè, bá rògbòdìyàn náà lọ. Ìgbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bá Táfà Adéoyè, olórí Àgbẹ́kọ̀yà, jókòó, tí owó orí mẹ̀kúnnù sì wálẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì, ni ìlú tó rọlẹ̀.

Àwọn àgbà rántí bí akódà ṣe ń dènà lójú ọ̀nà oko, tí ọkùnrin tí kò bá ní rìsíìtì lápò yóò fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ wọ inú oko kòkó. Bàbá kan sọ fún akọ̀wé yìí pé inú fìlà ni òun máa ń rán rìsíìtì tòun mọ́, kó má baà bọ́ sọnù. Nínú gbogbo ìtàn gígùn yìí, ìjọba kò fi sùúrù bi tálákà rí pé: kí lo rí lọ́dún yìí, kí lo sì ná kó o tó rí i? Orí ni wọ́n ń kà, tàbí kí wọ́n fi ojú wọn iye tó tọ́ sí i. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ẹni tí bàbá rẹ̀ sá wọgbó nítorí owó orí kò lè rí fọ́ọ̀mù kó má rò pé pàkúté ni.

Òfin owó orí ti 1961, àti èyí tó rọ́pò rẹ̀ ní 1993, gba ibòmíràn wọlé. Wọ́n ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Òfin 1993 ní láàárín 90 ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ọdún, ìyẹn kí 31 oṣù kẹta tó kọjá, kó kọ ohun tó wọlé fún un sílẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀ tó ń gbé. Ará Ìlódè ń kọ tirẹ̀ sí Ọ̀ṣun, kódà bó bá jẹ́ Ìbàdàn ló ti ń tajà. Ẹni tó ń gba owó oṣù kì í sábà fojú kan fọ́ọ̀mù yìí, nítorí wọ́n ti ń yọ tirẹ̀ kí owó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Àwọn yòókù, tí wọ́n pọ̀ jù ní àdúgbò bí Ìlódè, ni òfin ń retí ọ̀rọ̀ láti ẹnu wọn. Orúkọ rẹ̀ ṣì ni owó orí, ṣùgbọ́n ó ti kúrò lórí, ó ti dé ẹnu. Ẹnu ọ̀hún ló sì le fún Yorùbá láti là.

Ìdí ni pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. A kì í jókòó ká máa pe iye owó wa síta fún àjèjì. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, a ní ó ń yangàn, tàbí pé ó ń fi ara rẹ̀ han ayé. Bẹ́ẹ̀, ohun méjì yìí gan-an ni fọ́ọ̀mù ń béèrè: èló ni owó rẹ, ọmọ mélòó lo ní. Nígbà kan rí, wọ́n ń yọ ₦2,500 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, títí dé ọmọ mẹ́rin, kúrò nínú iye tí wọ́n máa ṣírò owó orí lé. Bí ènìyàn bá ń tọ́jú ìyá rẹ̀ tó jẹ́ opó tàbí ìbátan tí ara rẹ̀ kò gbé iṣẹ́ mọ́, wọ́n ń yọ ₦2,000 lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan, kó má ju ẹni méjì lọ. Owó náà kò tó nǹkan. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ìlà wọ̀nyẹn máa ń fà jáde kọjá owó.

Kọngílá kan wà tó ní ìyàwó mẹ́ta àti ọmọ mọ́kànlá. Akọ̀wé yìí ní kó dárúkọ ọmọ mẹ́rin tó ṣì wà níléèwé. Bàbá náà dárúkọ mẹ́rin, gbogbo wọn sì jẹ́ ọmọ ìyàwó kékeré, nítorí àwọn ni ọjọ́ orí wọn wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé ẹ̀dà fọ́ọ̀mù náà délé, ó fi í sórí tábìlì, ọmọ ìyáálé tó wà ní girama sì kà á. Kó tó di alẹ́, gbogbo agboolé ti gbọ́ pé Bàbá kọ̀wé fún ìjọba pé ọmọ mẹ́rin péré lòun bí. Ìyáálé kó ẹrù lọ sí ilé bàbá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pe akọ̀wé láti wá ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ kan ni bàbá náà sọ: "Ìwọ lo ní kí n dá mẹ́rin." Òótọ́ ni. Ìlà tó wà lórí ìwé ni akọ̀wé rí, kò rí ilé tí ìwé náà ń lọ. Láti ọjọ́ náà ló ti mọ̀ pé kò sí ìlà kan lórí fọ́ọ̀mù tó jẹ́ ìṣirò lásán.

Lọ́dún mìíràn, obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Odò-Ògbè jókòó síwájú tábìlì kan náà. Nígbà tí akọ̀wé béèrè iye ọmọ, ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní: "Mẹ́ta ló wà." Kò sọ pé mẹ́ta lòun bí. Akọ̀wé kọ mẹ́ta, kò bi í ní nǹkan mìíràn mọ́, ó sì lọ bá a ra omi wá.

Òfin yí padà nígbà tó yá, ó sì pa gbogbo èyí rẹ́. Kò béèrè ọmọ mọ́, kò béèrè ìyá. Òfin 2011 fún gbogbo ènìyàn ní ₦200,000, tàbí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé bí ìyẹn bá pọ̀ jù ú lọ, ó sì fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún kún un. Ìṣirò wá rọrùn. Òfin tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní 26 oṣù kẹfà 2025, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 oṣù kìíní 2026, tún ti gba ìyẹn kúrò. Nísinsìnyí, ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí rárá. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ló bẹ̀rẹ̀, ó sì ń gòkè títí dé ìdá márùndínlọ́gbọ̀n fún ẹni tí owó rẹ̀ bá kọjá àádọ́ta mílíọ̀nù. Ẹni tó bá háyà ilé lè yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé rẹ̀, kó má ṣáà ju ₦500,000 lọ.

Àánú ńlá ni ₦800,000 yẹn jẹ́ fún tálákà, akọ̀wé yìí sì dúpẹ́ fún un tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìlà owó ilé sọ nípa ẹni tí òfin ń rí nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Ẹni tó háyà ilé nígboro ni. Ní Ìlódè, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé inú agboolé tí bàbá bàbá wọn kọ́. Wọn kì í san owó ilé fún onílé kankan. Àwọn ló ń pààrọ̀ páànù tí ìjì bá ṣí, àwọn ló ń dá owó òkú, àwọn ló ń san owó iléèwé ọmọ ẹ̀gbọ́n tó ti kú. Kò sí ìlà fún ìyẹn. Nígbà kan fọ́ọ̀mù rántí ìyá opó, ì báà tilẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì náírà ló fi rántí rẹ̀. Lójú akọ̀wé yìí, àdánù ni pé kò rántí rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́: ọ̀rọ̀ yìí yẹ kó dé etí àwọn tí a dìbò fún. Ohun tí kò yẹ ni kí oníbàárà ní, "Akọ̀wé, ẹ kúkú fi owó páànù yẹn pe owó ilé," kí akọ̀wé sì ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ìbéèrè àtijọ́ náà ló pààrọ̀ ẹ̀wù.

Irú ìrànlọ́wọ́ mìíràn wà tí kò kan fọ́ọ̀mù kíkọ rárá. Àwọn olùkọ́ mẹ́fà wá láti iléèwé aládàáni kan. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ gba ìwé-ẹ̀rí owó orí, ìyẹn ìwé tó ń fi hàn pé ènìyàn ti san owó orí ọdún mẹ́ta tó kọjá. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó orí nínú owó oṣù rẹ̀, ó wà nínú ìwé owó oṣù gbangba. Nígbà tó dé ọ́fíìsì owó orí ní Òṣogbo, orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Wọ́n yẹ àwọn márùn-ún yòókù wò, bákan náà ni. Ẹni tó yọ owó kò san án síbi tó yẹ. Kì í ṣe amòye ìṣirò ni wọ́n nílò lọ́jọ́ náà. Wọ́n nílò ẹni tí yóò kó ìwé owó oṣù wọn jọ lọ́dọọdún, tí yóò bá wọn lọ, tí yóò dúró tì wọ́n nígbà tí ẹ̀rù ọ̀gá ń bà wọ́n. Bí a kò bá rí ẹni fẹ̀yìn tì, bí ọ̀lẹ là á rí. Ó tó oṣù mẹ́jọ kí ọ̀rọ̀ náà tó yanjú, méjì nínú àwọn olùkọ́ náà sì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó yanjú.

Ìwé-ẹ̀rí yìí kan náà ló ń sọ yàrá Ìlódè di ọjà bí ìbò bá ti ń súnmọ́. Ẹni tí kò rántí owó orí láti ọdún mẹ́ta á sáré wọlé, á ní ọ̀la ni ẹgbẹ́ òṣèlú òun fẹ́ gba ìwé, pé kí akọ̀wé "wá nǹkan ṣe sí i". Iṣẹ́ tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn kò lọ́lá. Nígbà kan, ọkùnrin kan tí akọ̀wé yìí kọ̀ fún gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ, ó sì gba ìwé-ẹ̀rí láàárín ọjọ́ kan. Ó lò ó láti fi béèrè kọ́ńtíráàtì. Ọdún kejì ni wọ́n fi nọ́ńbà orí ìwé náà ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, nọ́ńbà ẹlòmíràn ni wọ́n bá. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ tirẹ̀ kò tilẹ̀ pé ọdún méjì. Nígbà tó padà wá sí Ìlódè, ohun tó dára jù tí akọ̀wé lè ṣe fún un ni pé kó bá a jókòó, kí wọ́n ṣírò ọdún mẹ́ta náà bó ṣe rí gan-an, kó sì lọ jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀. Ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n ní kó san owó àti ìtanràn, ó sì san án díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ku nípa owó iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Láti 1992 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ owó orí, Chartered Institute of Taxation of Nigeria, ti ní àṣẹ òfin, tí wọ́n sì ń dán ọmọ ẹgbẹ́ wò kí wọ́n tó fún un ní ìwé. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò, ẹnikẹ́ni tó bá ní kọ̀ǹpútà lè pe ara rẹ̀ ní alágbàwí owó orí. Àṣà kan tí akọ̀wé yìí kórìíra ni kí olùrànlọ́wọ́ máa gba ìpín nínú iye tó bá oníbàárà "dín kù". Ẹni tó bá ń jẹ nínú ohun tó dín kù kò ní yé béèrè pé kí ni ká kọ síbẹ̀. Owó iṣẹ́ tó ṣe kedere, tí kò ga, tí kò sì relẹ̀ nítorí iye tó jáde lórí fọ́ọ̀mù, ló bá ọ̀rọ̀ yìí mu.

Ní ìparí ọdún 2025, ìròyìn gba orí WhatsApp kan pé bí ọdún tuntun bá ti dé, ìjọba yóò máa yọ owó nínú àkáǹtì gbogbo ènìyàn. Aránṣọ kan láti Òkèrẹ́wẹ̀ wá sí Ìlódè pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn oníbàárà rẹ̀ pé kí wọ́n kọ "ẹ̀bùn" sí owó tí wọ́n bá fi ránṣẹ́, kí ìjọba má baà mọ̀ pé owó iṣẹ́ ni. Akọ̀wé kò dá a lóhùn lórí ìyẹn. Ó ní kí ó gbé ìwé tó fi ń kọ iṣẹ́ sílẹ̀ wá. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi jókòó tì í. Owó tó wọlé lọ́dún jẹ́ ₦2,400,000. Lójú òde, obìnrin ọlọ́rọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Òwú àti bọ́tìnnì wà níbẹ̀, epo jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀, owó ṣọ́ọ̀bù, owó àtúnṣe ẹ̀rọ, owó àwọn méjì tó ń bá a rán. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦1,700,000. Ohun tó kù fún òun gan-an ni ₦700,000.

Lábẹ́ òfin tó wà tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ₦340,000 tó tọ́ sí i, ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún lórí ₦300,000 àti ìdá mọ́kànlá lórí ₦60,000 tó ṣẹ́kù yóò mú owó orí rẹ̀ jẹ́ ₦27,600. Lábẹ́ òfin tuntun, kò ní san kọ́bọ̀ lórí irú iye bẹ́ẹ̀. Ó wo nọ́ńbà náà, ó ní kí akọ̀wé tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe. Ohun tó sọ lẹ́yìn rẹ̀ kò kan ìjọba: "Ṣé gbogbo bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ yìí, ohun tó ń kù fún mi lọ́dún nìyí?" Kò sẹ́ni tó bá a ka owó rẹ̀ rí, òun náà kò sì kà á rí. Irọ́ "ẹ̀bùn" tó ń kọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀ ì bá bà á lórúkọ jẹ́ lásán lórí owó tí ẹnikẹ́ni kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Akọ̀wé ṣàlàyé fún un pé àìsanwó kò túmọ̀ sí àìsọ̀rọ̀: òfin ṣì fẹ́ kó kọ̀wé, ẹni tí kò bá sì kọ̀wé lè san ìtanràn ₦100,000 fún oṣù kìíní àti ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀lé e.

Irú jíjókòó báyìí ni ìrànlọ́wọ́, ó sì gba àkókò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lówó láti rà. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní VITA, níbi tí àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, tí wọ́n sì ti gba ẹ̀kọ́ nídìí rẹ̀, ń bá ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ kọ ìwé owó orí lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìkàwé àti ilé ìpàdé àdúgbò. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ Ìlódè kan tó ń tọ́jú ọmọ fún àwọn òbí sọ fún akọ̀wé yìí lórí fóònù pé ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì òun ló kọ́ òun bí a ṣe ń kọ ọ́ kí 31 oṣù kìíní tó kọjá, nítorí ọjọ́ kan péré tí ènìyàn bá fi pẹ́, ìtanràn ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ ìṣirò owó wà ní yunifásítì OAU, kò sì jìnnà sí Ìlódè. Bí ogún nínú wọn bá lè wá jókòó sí gbọ̀ngàn àdúgbò ní ọjọ́ Sátidé mẹ́rin nínú oṣù kẹta, kí olùkọ́ kan máa wo ẹ̀yìn wọn, wọn á kọ́ nǹkan tí kò sí nínú ìwé, ìyá tó ń ta aṣọ náà á sì rí ẹni tí yóò tẹ́tí sí i.

Àwọn òṣìṣẹ́ owó orí fúnra wọn ní ipa tiwọn. Nínú Bíbélì Yorùbá, agbowó-òde àti ẹlẹ́ṣẹ̀ ló máa ń wà pọ̀, orúkọ yẹn kò sì tíì kúrò lára wọn. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Akọ̀wé yìí ti rí òṣìṣẹ́bìnrin kan tó dìde fún àgbàlagbà láti jókòó, tó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í ní ìbéèrè. Bàbá náà fúnra rẹ̀ ló rántí ilẹ̀ tó fi háyà, tí kò kọ sórí ìwé.

Ìyípadà tó ń já akọ̀wé yìí láyà jù lọ báyìí ni ti íntánẹ́ẹ̀tì. NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ti di nọ́ńbà owó orí, orí ẹ̀rọ ni fọ́ọ̀mù sì ń gbà lọ. Àwọn oníbàárà ń fún un ní fóònù wọn, wọ́n ń ka nọ́ńbà àṣírí tó wọlé sókè kí gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá lè gbọ́. Nígbà àtijọ́, ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń gbé fún un. Nísinsìnyí, kọ́kọ́rọ́ ni. Ó ní ìwé kékeré kan tó kọ pásíwọ́ọ̀dù ènìyàn tó lé ní ọgọ́ta sí. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó gbàgbé ìwé náà sínú táksí tó gbé e láti Lágere. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni awakọ̀ náà gbé e wá, ojú akọ̀wé kò sì rí oorun mọ́jú. Ó sun ìwé náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe oníbàárà lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n wá yí pásíwọ́ọ̀dù wọn padà, kí wọ́n mú un sọ́wọ́ ara wọn.

Bàbá kan tó ti jẹ́ ọ̀gá iléèwé rí, tó ń gba owó ilé lórí yàrá mẹ́rin, kọ̀. Ó ní, "Akọ̀wé, ta ni mo fẹ́ fún bí kò bá ṣe ìwọ? Kí ni mo fẹ́ fi í ṣe?" Akọ̀wé bẹ̀ ẹ́. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó tì í, akọ̀wé sì yí ojú sí títì títí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á fúnra yín kí n tó fi ránṣẹ́." Bàbá wọ awò ojú. Ó kà á bí ẹni tó ń ṣe máàkì ìwé ọmọ iléèwé, ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan lójú ẹ̀rọ, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó dé ìlà owó ilé, ó dúró. Ó ní iye tó wà níbẹ̀ kò pé, pé ayálégbé tó wà ní yàrá ẹ̀yìn san gbèsè oṣù mẹ́ta fún òun ní oṣù kejìlá, akọ̀wé kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ó pe iye náà. Ọmọ náà pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, ó sì kọ èyí tí bàbá rẹ̀ àgbà pè.